Ṣé Àbújá léwu fún àlejò? Ohun tó yẹ kí ẹ mọ̀ kí ẹ tó gbéra

Bí ẹ bá sọ fún ẹbí yín ní Ìbàdàn tàbí Òṣogbo pé Àbújá lẹ ń lọ, kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú, WhatsApp yín á ti kún. Àǹtí kan á fi ìkìlọ̀ iléeṣẹ́ aṣojú Amẹ́ríkà ránṣẹ́. Ẹlòmíì á fi fídíò ajínigbé tí kò ní ọjọ́, tí kò ní ibi tí wọ́n ti yà á, ránṣẹ́. Bọ̀dá kan tó ti pẹ́ ní Gwarinpa á ní kí ẹ má dá wọn lóhùn, pé òun máa ń jáde lóru, nǹkan kan kì í ṣe òun. Ó ṣeé ṣe kí àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta máa sọ òótọ́, ìdí nìyẹn tí ọ̀rọ̀ náà fi máa ń dàrú mọ́ àlejò lójú.

Yorùbá tó ń gbé níbí ni mí, ohun tí mo sì ń rí ni pé ohun tó ń ṣe àlejò lọ́ṣẹ́ ní Àbújá kì í sábà jẹ́ èyí tí ẹbí fi ń dẹ́rù bà á. Ọkọ̀ tí èèyàn sáré wọ̀ lẹ́bàá títì, omi tó mu, ibà tó fojú kéré, oògùn tó rà láìwo ẹ̀yìn páálí: àwọn wọ̀nyí ló pọ̀ jù. Ajínigbé wà, a ò ní tan ara wa, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ibi tó wà.

Àbújá wo ni wọ́n ń sọ nínú ìròyìn?

Tí rédíò bá dárúkọ Àbújá, ohun méjì ló lè jẹ́. Ó lè jẹ́ ìgboro gan-an: Central Area, Garki, Wuse, Maitama, Asokoro, pẹ̀lú àwọn àdúgbò tí wọ́n kọ́ tẹ̀lé wọn bíi Utako, Jabi àti Gwarinpa. Ó sì lè jẹ́ FCT, ìyẹn gbogbo ilẹ̀ tí ìjọba ológun fi òfin yà sọ́tọ̀ fún olú-ìlú lọ́dún 1976, tí ìjọba àpapọ̀ sì kó wá láti Èkó lọ́jọ́ 12 oṣù Kejìlá ọdún 1991. Ìjọba ìbílẹ̀ mẹ́fà ló wà nínú FCT: AMAC (èyí tí ìgboro wà nínú rẹ̀), Bwari, Gwagwalada, Kuje, Kwali àti Abaji. Ẹ fi wé agbo ilé ńlá kan tó ní pálọ̀, tó ní yàrá, tó sì ní ẹ̀yìnkùlé tó kan igbó. Bí ejò bá wọ ẹ̀yìnkùlé, gbogbo àdúgbò á ní ejò wọ ilé Bàbá. Wọn ò purọ́, ṣùgbọ́n ẹni tó jókòó sí pálọ̀ lè má tíì gbọ́.

Ní oṣù Keje ọdún 2022, àwọn agbébọn ya wọ ọgbà ẹ̀wọ̀n Kuje, ọ̀gọ̀ọ̀rọ̀ ẹlẹ́wọ̀n sì sá lọ. Ní oṣù Kìíní ọdún 2024, ìròyìn ìjínigbé ní agbègbè Bwari gba gbogbo ìwé ìròyìn kan. "Àbújá" ni wọ́n kọ sí àkọlé àwọn méjèèjì. Kuje àti Bwari wà nínú FCT lóòótọ́, àmọ́ ẹni tó sùn sí Wuse lálẹ́ ọjọ́ náà jìnnà sí wọn. Àwọn ajínigbé máa ń fẹ́ ibi tí ilé ti fọ́nká, tí igbó tàbí òkè wà nítòsí, kí wọ́n lè fẹsẹ̀ kó èèyàn wọgbó kí àwọn agbófinró tó dé. Irú ibẹ̀ kò pọ̀ láàárín Garki, ó pọ̀ ní ìgbèríko.

Èyí kò sọ ìgboro di ibi tí ewu kò dé rí. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2011, bọ́ǹbù bú ní ilé àjọ ìṣọ̀kan àgbáyé, UN House. Ní oṣù Kẹrin ọdún 2014, ó bú ní gààréjì Nyanya, nígbà tó sì di oṣù Kẹfà ọdún yẹn, ó bú ní Emab Plaza ní Wuse 2. Àwọn tó wà níbí nígbà náà kò gbàgbé. Títí dòní, bí ẹ bá rí i tí wọ́n ń yẹ abẹ́ mọ́tò wò lẹ́nu ọ̀nà ilé ìtajà ńlá, ṣọ́ọ̀ṣì tàbí mọ́ṣáláṣí, ẹ fara balẹ̀ fún wọn.

Nítorí náà, ìbéèrè tó yẹ kí ẹ bi ẹni tó fẹ́ gbà yín lálejò ni orúkọ àdúgbò rẹ̀, bí ọ̀nà ibẹ̀ ṣe rí lálẹ́, àti ibi tí igbó ti bẹ̀rẹ̀. Ọ̀pọ̀ tó ní Àbújá ni àwọn ń gbé, Mararaba ni wọ́n ń sùn, ìpínlẹ̀ Nasarawa sì nìyẹn. Suleja ní tirẹ̀ wà ní ìpínlẹ̀ Niger. Kò sí ohun tó burú ní gbígbé ibẹ̀, àwọn èèyàn wa pọ̀ níbẹ̀ dáadáa. Ṣùgbọ́n tí ìpàdé yín bá wà ní Maitama láago mẹ́jọ òwúrọ̀, ẹ ti mọ̀ pé ẹ máa jí rìn lókùnkùn, ẹ sì máa padà lókùnkùn.

Ìkìlọ̀ iléeṣẹ́ aṣojú òkèèrè ńkọ́?

Láti oṣù Kìíní ọdún 2018 ni Amẹ́ríkà ti pín ìkìlọ̀ ìrìnàjò rẹ̀ sí ìpele mẹ́rin. Ìpele kìíní ní kí èèyàn ṣọ́ra bó ṣe máa ń ṣọ́ra níbikíbi. Ìkejì ní kó fi kún un. Ìkẹta ní kó tún un rò kó tó lọ. Ìkẹrin ní kó má lọ rárá. Ó pẹ́ tí Nàìjíríà lápapọ̀ ti wà ní ìpele kẹta, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ti fi àwọn ìpínlẹ̀ bíi Borno àti Zamfara sí ìkẹrin.

Ọmọ orílẹ̀-èdè wọn ni wọ́n ń bá sọ̀rọ̀. Òyìnbó tó bá dúró ní gààréjì, gbogbo ojú ló ń wò ó. Bí wọ́n bá jí i gbé, ìjọba rẹ̀ ni yóò máa sáré. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ẹni tó bá rìnrìn-àjò lọ síbi tí ìjọba ní kó má lọ lè pàdánù owó ìbánigbófò rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ìkìlọ̀ náà fi máa ń le díẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ mọ bí wọ́n ṣe ń wọ mọ́tò, tí ẹ sì ní ẹbí tó ń dúró dè yín ní Lugbe, ẹ lè kà á fún ìmọ̀: ẹ wo ibi tó dárúkọ, ẹ wo ìdí tó fi dárúkọ rẹ̀. Ìpele nìkan kò sọ tó bẹ́ẹ̀.

Ìkìlọ̀ pàjáwìrì tún yàtọ̀ sí ti ìpele. Ọjọ́ Àìkú ọjọ́ 23 oṣù Kẹwàá ọdún 2022, Amẹ́ríkà kéde pé ewu ìkọlù àwọn apániláyà ga sí i ní Nàìjíríà, pàápàá ní Àbújá. Láàárín ọ̀sẹ̀ yẹn, wọ́n ní kí ẹbí àwọn òṣìṣẹ́ wọn kúrò, wọ́n sì fún àwọn òṣìṣẹ́ tí iṣẹ́ wọn kò pọn dandan láyè láti lọ, ilé ìtajà ńlá kan ní Jabi sì ti ilẹ̀kùn fúngbà díẹ̀. Ẹ̀rù ba gbogbo wa. Bọ́ǹbù kankan kò bú nígboro lọ́sẹ̀ náà, àwọn kan sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́. Èmi ò bá wọn ṣe é. Ìkìlọ̀ irú ìyẹn máa ń sọ ohun tí àwọn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ ti gbọ́, kò sọ pé ó di dandan kó ṣẹlẹ̀. Tó bá tún jáde lásìkò tí ẹ wà níbí, ẹ yẹra fún ibi tí èrò pọ̀ sí fún ọjọ́ mélòó kan, kí ẹ sì máa bá iṣẹ́ tó gbé yín wá lọ.

Ọ̀nà tí ẹ máa gbà dé

Ọkọ̀ òfuurufú láti Èkó kò ju nǹkan bíi wákàtí kan lọ. Ti ojú títì ni ọ̀rọ̀ pọ̀ lé lórí. Bóyá Ọ̀wọ̀ àti Okene lẹ gbà já sí Lokoja, tàbí Ilorin, Mokwa àti Bida, òfin kan ṣoṣo ló ju gbogbo rẹ̀ lọ: kí ilẹ̀ má ṣú bá yín lójú ọ̀nà. Ẹ wọ ọkọ̀ tó máa gbéra ní ìdájí. Tí dẹ́rẹ́bà bá ń fi wákàtí mẹ́ta gbé èrò, tí ọ̀sán sì ti pọ́n, ẹ gba owó yín padà kí ẹ sùn, kí ẹ lọ lọ́jọ́ kejì. Ó máa ń dun èèyàn, mo mọ̀. Ṣùgbọ́n òkùnkùn ni àwọn olè ojú ọ̀nà ń dúró dè, òun náà sì ni kì í jẹ́ kí dẹ́rẹ́bà tó ti rẹ̀ rí tírélà tó bàjẹ́ sójú títì láìtan iná.

Àwọn tó fẹ́ kọjá sí Kaduna máa ń béèrè ọkọ̀ ojú irin tó ń gbéra ní Idu. Ọjọ́ 28 oṣù Kẹta ọdún 2022 ni wọ́n kọlu ọkọ̀ náà, wọ́n pa èèyàn, wọ́n kó èèyàn lọ. Ìparí ọdún yẹn ló tó padà bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Òun ni ọ̀pọ̀ èèyàn ṣì yàn láàyò ju títì lọ, èmi náà sì fara mọ́ wọn.

Ní pápákọ̀ òfuurufú Nnamdi Azikiwe, ìgboro ṣì jìnnà, ó tó nǹkan bíi kìlómítà 40. Lásìkò ọyẹ́, eruku lè mú kí ọkọ̀ òfuurufú pẹ́ títí di òru. Kí ẹ ti ṣètò ẹni tó máa gbé yín kí ẹ tó kúrò nílé. Ẹni tó ń fa báàgì mọ́ yín lọ́wọ́ lẹ́nu ọ̀nà, tó ń ní "Àǹtí, ẹ wá, owó kékeré ni", ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ kí ẹ kọjá.

Kí ni "one chance", báwo ló sì ṣe ń ṣiṣẹ́?

Orúkọ tí a ń pe ọkọ̀ olè tó ń díbọ́n bíi takisí nìyẹn. Ará Èkó mọ̀ ọ́n, ṣùgbọ́n bí ọkọ̀ èrò ṣe ń rìn ní Àbújá ló jẹ́ kó gbilẹ̀ níbí. Ẹni tó ní mọ́tò ni wọ́n ya àwòrán ìlú yìí fún. Wọ́n ti lé ọ̀kadà kúrò nígboro láti ọdún 2006, kẹ̀kẹ́ kì í rìn lórí àwọn títì ńlá, bọ́ọ̀sì kò sì kárí. Ohun tó kù fún èèyàn ni kó dúró lẹ́bàá títì, kó máa pe orúkọ ibi tó ń lọ sí mọ́tò tó bá dẹ̀rìn.

Èyí ni wọ́n ń pè ní "along": ẹ máa bá àwọn ẹlòmíì pín ọkọ̀, owó rẹ̀ kò pọ̀. "Drop" ni kí ẹ gba gbogbo ọkọ̀ fún ara yín. Takisí tó forúkọ sílẹ̀ máa ń jẹ́ aláwọ̀ ewé tó ní ìlà funfun, àmọ́ ọ̀pọ̀ mọ́tò tó ń gbé along kò ní ọ̀dà kankan. Òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń lọ sílé tó fẹ́ rí owó epo ni ọ̀pọ̀ wọn, èèyàn dáadáa sì ni wọ́n. Àárín wọn ni olè ń sá pamọ́ sí.

Bó ṣe máa ń lọ nìyí. Mọ́tò kan dúró, èèyàn méjì tàbí mẹ́ta ti wà nínú rẹ̀ bí èrò. Ó lè ní obìnrin kan láàárín wọn, nítorí obìnrin máa ń jẹ́ kí ọkàn èèyàn balẹ̀. Wọ́n á ní kí ẹ sún sí àárín, pé ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn ò ní pẹ́ sọ̀. Nígbà tí ẹ bá ti há sí àárín, gíláàsì á gòkè, ẹ̀rọ orin á lọ sókè, ọ̀bẹ tàbí ìbọn á jáde. Fóònù ni wọ́n kọ́kọ́ ń gbà, lẹ́yìn náà káàdì báǹkì àti nọ́ńbà ìkọ̀kọ̀ rẹ̀. Wọ́n lè máa gbé yín káàkiri fún wákàtí bíi mélòó kan, kí wọ́n máa fi káàdì yín gbowó ní POS, kí wọ́n máa pe ẹbí yín pé kí wọ́n fi owó ránṣẹ́. Ìgbẹ̀yìn rẹ̀ ló máa ń burú jù, torí wọ́n máa ń ti èèyàn jáde nígbà tí mọ́tò ṣì ń sáré. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti ń fara pa, tí àwọn mìíràn ti ń kú.

Ẹ yẹra fún mọ́tò tí gíláàsì rẹ̀ dúdú, èyí tí ọwọ́ ilẹ̀kùn inú rẹ̀ ti yọ, èyí tí "èrò" inú rẹ̀ ń bá dẹ́rẹ́bà yín pe èrò, àti èyí tó sọ owó tó kéré ju ti gbogbo èèyàn lọ. Tí wọ́n bá ní kí ẹ bọ́ sáàárín, ẹ ní ẹ ò wọ̀ mọ́. Ẹ má wá àwáwí, ẹ kàn padà sẹ́yìn. Ìtìjú ló ń ti àlejò Yorùbá wọ mọ́tò olè, a kì í fẹ́ kí wọ́n ní a ò mọ èèyàn kí, tàbí pé à ń fura sí ọmọlúàbí.

Ibi tí wọ́n ti ń to èrò sí mọ́tò, bíi gààréjì Jabi tàbí inú gààréjì Berger gan-an, sàn ju ojú títì lọ. Èyí tó tún sàn jù ni ọkọ̀ orí fóònù bíi Bolt tàbí Uber, ṣùgbọ́n ẹ wo nọ́ńbà mọ́tò àti ojú dẹ́rẹ́bà kí ẹ tó wọlé. Ẹ má dárúkọ yín fún un. Ẹ bi í pé, "Ta lẹ wá gbé?" Ẹni tó wá gbé yín yóò mọ orúkọ yín. Tó bá sì ní kí ẹ fagi lé e lórí fóònù kí ẹ san án sí òun lọ́wọ́, ẹ má gbà, torí lẹ́yìn ìyẹn kò sí ẹni tó mọ mọ́tò tí ẹ wà nínú rẹ̀ mọ́.

Kò yẹ kí n má sọ ọ̀rọ̀ síìmù. Ọ̀pọ̀ rò pé tí fóònù bá ti ní ọ̀rọ̀ ìdánimọ̀, owó báǹkì wọn ti bọ́. Olè kò nílò fóònù náà. Yóò yọ síìmù, yóò fi sínú fóònù kékeré tirẹ̀, yóò tẹ nọ́ńbà báǹkì tó máa ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìràwọ̀, yóò sì bẹ̀rẹ̀ sí í fa owó tàbí yá owó ní orúkọ yín. Ohun tó lè dí i lọ́wọ́ ni nọ́ńbà ìkọ̀kọ̀ tí ẹ bá fi ti síìmù fúnra rẹ̀, kí ó máa béèrè rẹ̀ nígbàkígbà tí wọ́n bá gbé e sínú fóònù mìíràn. Ó wà nínú ètò fóònù yín, níbi tí ọ̀rọ̀ ààbò wà. Bí ẹ kò bá mọ̀ ọ́n ṣe, ẹ lọ sí ọ́fíìsì iléeṣẹ́ tó ni síìmù yín kí ẹ tó kúrò nílé, torí ẹni tó bá ṣi nọ́ńbà náà tẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, síìmù á tì pa.

Bí ó bá sì ti ṣẹlẹ̀, ẹ má bá wọn jà. Ẹ fún wọn ní ohun tí wọ́n béèrè. Nígbà tí ẹ bá bọ́, ẹ yá fóònù, ẹ jẹ́ kí báǹkì ti àkáǹtì, kí ẹ ti síìmù pa, kí ẹ tó máa sunkún.

Ẹsẹ̀ lórí títì

Èyí kò ní gùn. Àwọn títì bíi ti pápákọ̀ òfuurufú àti ti Kubwa fẹ̀, mọ́tò sì ń sáré gan-an lórí wọn. Ẹ gba orí afárá ẹlẹ́sẹ̀ kọjá, kódà bó jìnnà. Lálẹ́, àwọn afárá kan máa ń ní àwọn ọmọ tó ń já fóònù gbà. Ẹ dúró de àwọn ẹlòmíì kí ẹ jọ gùn ún.

Kí ló dé tí ara mi ò bá ooru ibí mu?

Ooru Èkó máa ń mú èèyàn làágùn títí aṣọ á fi lẹ̀ mọ́ ara. Ní Àbújá, láti bíi oṣù Kejì títí di oṣù Kẹrin, afẹ́fẹ́ gbẹ, òógùn sì ń gbẹ kí ẹ tó mọ̀ pé ó jáde. Nítorí náà àlejò máa ń rò pé òun kò làágùn, kò ní mu omi, orí fífọ́ á sì bẹ̀rẹ̀. Ẹ wo ìtọ̀ yín. Bó bá ti pọ́n bí àgbo, omi ti dín nínú ara. Ẹni tí ara rẹ̀ gbóná janjan, tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ń dàrú, tàbí tó dákú nínú oòrùn, ẹ gbé e sí ibòji, ẹ da omi sí i lára, ẹ máa fẹ́ ẹ, kí ẹ sì gbé e lọ sílé ìwòsàn kíákíá.

Láti oṣù Kọkànlá sí oṣù Kejì, ọyẹ́ ló ń ṣèjọba. Ó le níbí ju ti ilẹ̀ Yorùbá lọ. Òwúrọ̀ tutù, ètè ń bẹ́, imú ń ṣẹ̀jẹ̀, eruku wà nínú ohun gbogbo. Ẹni tó ní ikọ́ fée, ìyẹn asthma, gbọ́dọ̀ mú ẹ̀rọ tó ń fà símú dání. Mo ń bẹ àwọn tó jẹ́ SS pàápàá: òtútù òwúrọ̀ àti àìmu omi tó, àwọn méjèèjì máa ń fa ìrora egungun, ọyẹ́ sì ń mú méjèèjì wá pa pọ̀. Ẹ wọ aṣọ tó nípọn, ẹ mu omi kódà bí òùngbẹ kò bá gbẹ yín, kí ẹ sì mọ ilé ìwòsàn tó sún mọ́ yín ṣáájú.

Ó kù díẹ̀. Àwọn ilé tí wọ́n ń fi háyà fún ọjọ́ mélòó kan máa ń ní jẹnẹrétọ̀. Bó bá wà lábẹ́ fèrèsé yàrá yín, ẹ ní kí wọ́n gbé e kúrò tàbí kí wọ́n pa á kí ẹ tó sùn. Afẹ́fẹ́ olóró tó wà nínú èéfín rẹ̀ kò ní òórùn, ó sì ń pa èèyàn lójú oorun.

Omi, suya àti fura

Omi ẹ̀rọ ìgboro ń wá láti ìsédò Lower Usuma. Ní ọ̀pọ̀ àdúgbò ìta, kànga ẹ̀rọ ló wà, tàbí àwọn mai ruwa, ìyẹn àwọn tó ń fi ọmọlanke ta omi inú kẹ́ẹ̀gì. Omi wọn dára láti fi wẹ̀. Kí ẹ tó mu ún, ẹ sè é. Pure water tó ní nọ́ńbà NAFDAC ṣeé mu, àmọ́ ẹ fọ ojú ọ̀rá náà kí ẹ tó fi eyín ya á, nítorí ilẹ̀ ni wọ́n ti gbé e.

Suya tó ń bọ̀ láti orí iná kò ní ìṣòro. Èmi máa ń jẹ ẹ́, mo sì máa ń ní kí wọ́n má fi kábéèjì àti àlùbọ́sà tútù sí i, torí mi ò mọ omi tí wọ́n fi fọ̀ wọ́n. Zobo àti kunu dára bó bá jẹ́ ilé ni wọ́n ti ṣe é. Ti títì, yìnyín inú rẹ̀ ni kí ẹ máa bẹ̀rù. Fura da nono dùn, ṣùgbọ́n wàrà tí wọn kò sè ni nono sábà máa ń jẹ́.

Àrùn onígbáméjì sábà máa ń jà lásìkò òjò, nígbà tí àgbàrá bá gbé ìgbẹ́ wọ kànga. Ìgbẹ́ rẹ̀ máa ń dà bí omi ìrẹsì, ó sì lè fa omi ara tán láàárín wákàtí díẹ̀. Oògùn tó ń gbani là ni omi tó ń rọ́pò èyí tó ń jáde. Bí ẹ kò bá rí ORS rà, ẹ po ṣíbí tíì ṣúgà 6 àti ìlàjì ṣíbí tíì iyọ̀ kan sínú lítà omi mímọ́ 1. Kí ṣíbí má kún yọ. Iyọ̀ tó bá pọ̀ jù léwu. Ẹ máa mu ún díẹ̀díẹ̀ bí ẹ ṣe ń lọ sílé ìwòsàn.

Ṣé ibà lásán ni?

Ibí ni mo fẹ́ kí ẹ ti fara balẹ̀, torí ibí ni a ti ń ṣe é bí a ṣe ń ṣe nílé. Ara gbóná, a ní ibà ni, a lọ sí kẹ́místì, a gba oògùn ibà mọ́ oògùn mìíràn tí wọ́n pò pọ̀ nínú ọ̀rá, a padà sùn.

Kòkòrò ibà tí ẹ̀fọn gbé wọ ara máa ń lò tó ọjọ́ méje, ó kéré tán, kó tó mú ara gbóná. Nítorí náà ibà tó mú yín lọ́jọ́ kejì tí ẹ dé, ilé lẹ ti gbé e wá, tàbí kó jẹ́ pé kì í ṣe ibà rárá. Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n ń gún ìka fún kì í gbà ju ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ. Bó bá jẹ́ ibà, ẹ lo oògùn ACT tí wọ́n bá fún yín pé ọjọ́ mẹ́ta, kódà bí ara bá ti yá lọ́jọ́ kìíní.

Bí àyẹ̀wò bá ní kì í ṣe ibà, kí ni ẹ máa fi sọ́kàn? Ní àríwá, lásìkò ẹ̀ẹ̀rùn, àrùn yírùnyírùn ló yẹ kó kọ́kọ́ wá síni lọ́kàn, èyí tí Hausa ń pè ní sankarau. Àárín ilẹ̀ tó gùn láti Senegal dé Ethiopia ni àrùn yìí ti ń jà jù, àríwá Nàìjíríà sì wà nínú rẹ̀. Eruku àti afẹ́fẹ́ gbígbẹ máa ń ha inú imú àti ọ̀fun, kòkòrò tó wà níbẹ̀ á wá rí ọ̀nà wọnú ẹ̀jẹ̀. Bí èèyàn bá sì pọ̀ nínú yàrá kan tí fèrèsé rẹ̀ tì nítorí òtútù, yóò máa ran láti ẹnu dé ẹnu. Nínú ìjà rẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ ní ìparí 2016, tó sì le ní 2017, ó pa èèyàn tó lé ní 1,100 ní Nàìjíríà, Zamfara ló sì fojú winá rẹ̀ jù.

Ohun tó fi yàtọ̀ sí ibà ni ọrùn tó le débi pé àgbọ̀n kò lè kan àyà, orí fífọ́ tó dé lójijì, ojú tí kò fẹ́ ìmọ́lẹ̀, èébì, àti ọ̀rọ̀ tó ń dàrú. Ẹ má dúró di ọ̀la. Ó ṣeé wò sàn bí wọ́n bá tètè gún abẹ́rẹ́, ó sì lè pani láàárín ọjọ́ kan bí wọ́n bá fi falẹ̀. Abẹ́rẹ́ àjẹsára rẹ̀ wà: ní oṣù Kẹrin ọdún 2024, Nàìjíríà ló kọ́kọ́ lo Men5CV, tó ń dènà oríṣi márùn-ún, ní gbogbo àgbáyé. Bí ẹ bá ń bọ̀ lásìkò ẹ̀ẹ̀rùn, tí ẹ sì máa kọjá sí Kano, Sokoto tàbí Jigawa, ẹ béèrè àjẹsára lọ́wọ́ dókítà ní ọ̀sẹ̀ méjì ó kéré tán kí ẹ tó gbéra, torí ara nílò àkókò.

Ibà Lassa kò ṣàjèjì sí ará Ọ̀wọ̀. Lassa ní Borno ni wọ́n ti kọ́kọ́ dá a mọ̀ lọ́dún 1969, ó sì máa ń pọ̀ ní Ondo, Edo, Bauchi àti Taraba. Ìtọ̀ àti ìgbẹ́ èkúté ló ń gbé e wọ gàárì àti ọkà tí wọn kò bò. Ó lè tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kó tó hàn, nítorí náà bí ara yín bá gbóná lẹ́yìn tí ẹ ti padà sílé, ẹ sọ fún dókítà pé ẹ ti rìnrìn-àjò, ẹ sì dárúkọ ibi tí ẹ dé. Nọ́ńbà ọ̀fẹ́ àjọ tó ń bójú tó àjàkálẹ̀ àrùn, NCDC, ni 6232.

Oògùn àti ilé ìwòsàn

Àwọn ìyá tó ń wá tọ́jú ọmọ tuntun sábà máa ń gbé oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru ọ̀sẹ̀ méjì dání, kí wọ́n sì lo oṣù mẹ́ta. Ẹ gbé èyí tó máa pé, nínú páálí rẹ̀, kí orúkọ rẹ̀ lè hàn. Bí ẹ bá fẹ́ rà níbí, ẹ wá ilé oògùn tí apoògùn wà níbẹ̀, ẹ wo nọ́ńbà NAFDAC àti ọjọ́ tí yóò bàjẹ́. Oògùn kan ní ibi fàdákà tí ẹ máa ha lẹ́yìn páálí. Ẹ fi nọ́ńbà abẹ́ rẹ̀ ránṣẹ́ gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe kọ ọ́, ìdáhùn á dé pé ojúlówó ni tàbí ayédèrú. Ti orí àtẹ ọjà, tó ti wà nínú oòrùn láti àárọ̀, ẹ fi í sílẹ̀.

Nọ́ńbà pàjáwìrì ni 112, kò sì ná yín ní owó. National Hospital wà ní Central Area, ti ìjọba sì wà ní Wuse, Maitama àti Asokoro. Gwagwalada ni ilé ìwòsàn ẹ̀kọ́ṣẹ́ yunifásítì wà, ẹni tí ìjàm̀bá bá ṣe lójú ọ̀nà Lokoja, ibẹ̀ ló lè sún mọ́ ọn jù. Òfin ìlera ọdún 2014 sọ pé ilé ìwòsàn kò gbọ́dọ̀ kọ ìtọ́jú pàjáwìrì, òfin ọdún 2017 sì sọ pé kí wọ́n tọ́jú ẹni tí ìbọn bá láìdúró de ìwé ọlọ́pàá. Síbẹ̀, ọ̀pọ̀ ibi ṣì ń kọ́kọ́ béèrè owó ìdógò. Ẹ dárúkọ òfin náà fún wọn ní pẹ̀lẹ́tù, kí ẹ sì ní owó díẹ̀ tó yàtọ̀ sí èyí tó wà nínú fóònù.

Ẹ kọ nọ́ńbà ẹni tó gbà yín lálejò, irú ẹ̀jẹ̀ yín, àti oògùn tí ara yín kì í gbà, sórí ìwé kékeré kan. Inú àpò aṣọ ni kí ìwé náà máa wà, ẹ má fi sínú báàgì.